Omi Ilé Tẹ́tẹ́

Bí òùngbẹ bá ń gbẹ yín ní àdúgbò wa, tí ẹ sì béèrè ibi tí ẹ ti lè rí omi mu, ilé tẹ́tẹ́ ni wọ́n máa júwe fún yín. Ẹ má wò wá bí aláìnítìjú. Ibẹ̀ ni omi wà. Ẹnu ẹ̀rọ mẹ́rin ló tò sára ògiri rẹ̀ níta, tánkì dúdú ńlá kan wà lókè, kò sì sẹ́ni tó ń gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó wá pọnmi. Láti ìdájí ni korobá ti máa ń tò síbẹ̀, kí àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ tó nu oorun ojú nù.

Àǹtí Oríire là ń pe obìnrin tó ni ilé náà. Kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ló ń pè é bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá jẹ. Bí wọn ò bá jẹ, orúkọ mìíràn ni wọ́n ń pè é, mi ò sì ní kọ ìyẹn síbí. Obìnrin tó sanra níwọ̀nba ni, ohùn rẹ̀ rinlẹ̀, kì í bọ́ bàtà rọ́bà kúrò lẹ́sẹ̀ àfi tó bá fẹ́ sùn. Èmi ni aránṣọ tó wà ní ọ̀kánkán rẹ̀. Láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni mo ti ń wo ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde, ìrìn ẹsẹ̀ nìkan sì ti tó fún mi láti mọ ẹni tó jẹ àti ẹni tó fi owó oúnjẹ sílẹ̀ síbẹ̀.

Mi ò fẹ́ràn tẹ́tẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn ná. Ọkọ mi fẹ́ràn rẹ̀ tó fún àwa méjèèjì. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga tó ń gbé omi sí tánkì yẹn tán, tí gbogbo ayé ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí Oríire, mo sọ fún un lójúkojú pé kó dúpẹ́ lọ́wọ́ èmi náà, nítorí ọkọ mi nìkan ti ra páìpù méjì nínú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ẹ tiẹ̀ mọ ibi tí owó yín gbà lọ. Ẹlòmíì ò mọ̀."

Mo bi í lọ́jọ́ náà pé kí ló dé tó fi jẹ́ tẹ́tẹ́ ló rí ṣe. Ó ní bí òun ò bá ṣí i, ẹlòmíì á ṣí i, ẹlòmíì yẹn ò sì ní gbẹ́ kànga fún ẹnikẹ́ni. Mi ò tíì gbà títí dòní pé ìdáhùn tó péye nìyẹn.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé kó tó dé, ajá ló máa ń sùn sí àárín títì wa. Ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan ló rà, tí òrùlé rẹ̀ ti jìn. Ó tún un ṣe, ó kùn ún ní àwọ̀ ewé, ó to àga sí i, ó gbé tẹlifíṣọ̀n kọ́. Àwọn tó ń dúró de èsì bọ́ọ̀lù kò sì lè dúró lórí ikùn òfo, ni ẹni tó ń ta tíì àti búrẹ́dì bá gbé tábìlì rẹ̀ wá. Ẹni tó bá ń mu tíì a máa fẹ́ gé irun, ni onígbàjámọ̀ bá dé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni alátùn-únṣe bàtà, ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹni tó ń gba iná sínú fóònù. Èmi gan-an, iṣẹ́ mi búrẹ́kẹ́. Ẹni tó bá jẹ á ra aṣọ fún ìyàwó rẹ̀ kí ìyàwó má bàa béèrè ìyókù. Ẹni tí kò bá jẹ á kó ṣòkòtò àtijọ́ wá kí n bá a lẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà méjèèjì, èmi ni.

Àwọn obìnrin méjì tí ọkọ wọn ti kú ló fi sídìí káńtà, ó ní àwọn nìkan ni ẹ̀bẹ̀ ọkùnrin kò lè rọ̀. Ó ní àwọn òfin kan, wọ́n sì le. Ẹni tó bá wọ aṣọ ilé ìwé kò gbọdọ̀ yọjú. Ìyàwó tàbí ìyá tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ní, "Tèmi ti jókòó tó," wọ́n á lé tirẹ̀ jáde títí oṣù á fi parí. Mo ti lo òfin yẹn rí, ọkọ mi bá mi yan odì, ṣùgbọ́n ó tún pẹpẹ ilé ìdáná ṣe. Èyí tó kù ni pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé irinṣẹ́ wọlé. Káfíńtà á gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀ sọ́dọ̀ mi kó tó wọlé, akunlé á gbé búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sílẹ̀. Ìdí òfin yìí ò yé wa, a kàn rò pé ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má fi òòlù bá ara wọn jà.

Àǹtí Oríire ló ṣe òrùlé ìloro ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní òpin títì, òun ló sì fa páìpù omi lọ síbẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló ń jẹ nínú oore rẹ̀, àfi ẹnì kan ṣoṣo, ẹni yẹn gan-an ló sì fẹ́ kó jẹ ẹ́. Bàbá rẹ̀ ni.

Bàbá Pọ́ǹpù là ń pè é. Kò sí ẹ̀rọ omi tó ṣòro fún un tún ṣe nígbà tó ṣì lágbára, àwọn tó kọ́ níṣẹ́ kò níye. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, àbúrò rẹ̀ kan ta tẹ́tẹ́ títí kò fi sí nǹkan tó kù fún un láti tà, ló bá kó irinṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, láti orí sípánà dé orí ayùn páìpù, ó tà wọ́n. Ọ̀gá nídìí omi wá di ẹni tó ń po kọnkéré fún àwọn bíríkìlà kó tó rí òmíràn rà. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ṣí ilé tẹ́tẹ́, ó fi àáké kọ́rí. Ó ní ẹsẹ̀ òun ò ní tẹ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, ẹ̀kán omi ibẹ̀ kan ò sì ní kan ètè òun láéláé. Inú yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà ni ọmọ rẹ̀ ń gbé. Bàbá kò mọ ibi tó ń sùn. Bí wọ́n bá pàdé lójú títì, ó máa ń kí ọmọ náà bí ẹni ń kí agbowó-orí. Ó ń dun ọmọ náà dọ́kàn. Mo ti rí i tó ń sunkún nítorí rẹ̀, kò sì fi pamọ́ fún mi.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó pa wá lẹ́rìn-ín jù. Bàbá ń mu omi náà. Ojoojúmọ́ ló ń mu ún. Ìyàwó rẹ̀, Màmá Pọ́ǹpù, ti sọ fún un pé kànga ilé ìwé tó wà lókè ọ̀hún lòun ti ń pọnmi. Irọ́ gbuu. Eékún Màmá kò lè gun òkè yẹn. Àǹtí Oríire fúnra rẹ̀ ló ń pọn omi kún korobá ìyá rẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtù, onígbàjámọ̀ á bá Màmá gbé e gba ẹ̀yìnkùlé ilé wọn, Màmá á wá jókòó sọ́dọ̀ mi fúngbà díẹ̀ kó lè dà bíi pé ó lọ jìnnà. Gbogbo wa la mọ̀. Bàbá nìkan ni kò mọ̀. Á mu tíì rẹ̀ tán, á ní, "Kò sí omi tó dà bí omi kànga ilé ìwé," Màmá á sì ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, baálé mi."

Ọ̀rọ̀ wà bẹ́ẹ̀ títí pọ́ǹpù tó ń fa omi sí tánkì ilé tẹ́tẹ́ fi yọnu. Omi gbẹ lẹ́nu ẹ̀rọ. Àǹtí Oríire fúnra rẹ̀ mú àwọn méjì àti irinṣẹ́ wọn wọlé kí wọ́n tún un ṣe, ọmọ iṣẹ́ Bàbá àtijọ́ làwọn méjèèjì, wọ́n tú u, wọ́n dì í, wọ́n tún tú u, omi kò jáde. Títì wa gbẹ. Ẹni tó ń ta tíì kò rí tíì tà. Màmá wá ń gun òkè ilé ìwé ní tòótọ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀.

"Irú omi wo lo fi se tíì yìí?"

"Omi kànga ilé ìwé ni, baálé mi."

"Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀."

"Bóyá òjò ló yí i padà."

"Òjò wo? Ìgbà wo lòjò ti rọ̀?"

Màmá ní òun fẹ́ lọ wo ohun tó wà lórí iná. Kò sí nǹkan kan lórí iná.

A bẹ Bàbá títí kó wá wo pọ́ǹpù náà. Kò gbà. Ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà wọn, Bàbá ní kó dìde kó má ba aṣọ rẹ̀ jẹ́, ó sì wọlé lọ. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí láti ilé ìwòsàn ló ṣe é parí. Ó dé pẹ̀lú agbada òfìfo lọ́wọ́.

Ó ní, "Bàbá, omi ni mo bá wá, mi ò bá ti tẹ́tẹ́ wá. Ọmọ tó bá délé ayé lónìí, ṣé kí n ní kó dúró dè yín ni, kí ẹ kọ́kọ́ parí ìjà yín?"

Bàbá dìde. Ó wọ bàtà. Ó ní, "Nítorí ọmọ tuntun ni mo ṣe ń lọ o. Kì í ṣe nítorí ẹnikẹ́ni."

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni pọ́ǹpù wà, kò sì sí ọ̀nà míì àfi ẹnu ọ̀nà tẹ́tẹ́. Bàbá ní kí wọ́n wá àkàbà kóun gba orí ògiri. Ẹ sáà wo arúgbó! Onígbàjámọ̀ gbé àkàbà wá, Bàbá gùn ún dé ìdajì, Màmá figbe ta lójú títì:

"Baálé mi, ẹ sọ̀ kalẹ̀! Ṣé ẹ fẹ́ sọ mí di opó nítorí ẹnu ọ̀nà?"

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó fajú ro, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà náà. Bó ṣe fẹ́ gbé ẹsẹ̀ wọlé báyìí ni ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ìdí káńtà na ọwọ́ dí i lọ́nà.

"Ẹ má bínú, Bàbá. A kì í gbé irinṣẹ́ wọlé níbí."

"Kí ló dé?"

"Àǹtí ló ṣòfin ẹ̀. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má bàa fi iṣẹ́ ẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Wọ́n ní èèyàn wọn kan ṣe bẹ́ẹ̀ rí."

Bàbá dúró síbẹ̀. Mo dìde kúrò nídìí ẹ̀rọ mi kí n lè rí ojú rẹ̀. Ó wo àpótí náà, ó wo ọmọ rẹ̀ tó dúró nínú lọ́hùn-ún. Ọmọ náà ní kí wọ́n jẹ́ kó kọjá. Bàbá kọjá láàárín àwọn àga, ó rọra ń tẹ ilẹ̀, àwa náà sì tẹ̀ lé e.

Kò pẹ́ rárá tó fi rí ohun tó ṣe pọ́ǹpù. Awọ tó ń fa omi sókè nínú rẹ̀ ló ti gbó. Ó bú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ó ní wọ́n ti gbàgbé gbogbo ohun tóun kọ́ wọn. Ó gba awọ lọ́wọ́ alátùn-únṣe bàtà, ó gé e, ó fi òróró pa á, ó tì í sáyè rẹ̀. Omi kọ́kọ́ húkọ́ nínú páìpù, ó sì tú jáde yàà. A pariwo ayọ̀.

Ìgbà náà ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tí Bàbá bú jù, gbé kọ́ọ̀bù omi wá, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa. Ẹni tó bá tún ẹ̀rọ ṣe ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mu omi ẹ̀ lójú ẹni tó ni ín. Ẹ ní ẹni tí kò bá lè mu ún, kó má gba owó iṣẹ́, kó má pe ara ẹ̀ ní oníṣẹ́."

Gbogbo wa na ọrùn. Bàbá wo kọ́ọ̀bù náà. Ẹ̀jẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ó gba kọ́ọ̀bù, ó dijú, ó mu.

Ó dúró. Ó tún fi ẹnu tọ́ ọ wò. Ó lajú, ó sì yíjú sí ìyàwó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Omi ilé mi nìyí."

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń wá òjò.

"Ìgbà wo ló ti ń bá a bọ̀?"

Màmá ní, "Láti ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ ṣàn. Ṣé ó pa yín ni?"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Kí n má parọ́, èmi ni. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó na kọ́ọ̀bù sí ọmọ rẹ̀, ó ní, "Bu òmíràn fún mi." Ọmọ náà fi ìkánjú bu ún débi pé ìdajì rẹ̀ dà sí bàtà rọ́bà rẹ̀. Bàbá mu ún tán pátápátá.

Ó ní, "Mi ò tíì fọwọ́ sí tẹ́tẹ́ o."

"Mo mọ̀, bàbá mi."

"Mo gbọ́ páìpù kan tó ń jò nínú yàrá rẹ bí mo ṣe ń kọjá. Ṣílẹ̀kùn fún mi kí n wò ó."

Wọ́n wọlé, ilẹ̀kùn padé. Ó pẹ́ kí wọ́n tó jáde. Lọ́jọ́ kejì, mo bi Àǹtí Oríire bóyá bàbá rẹ̀ rí páìpù tó ń jò náà dí.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí páìpù kankan nínú yàrá mi."