Antioca, Ìyàwó Tí Wọ́n Ní Kò Ní Pẹ́ Láyé

Ilẹ̀ irà tó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, létí òkun erékùṣù Sardinia, ni wọ́n ti mú Antioca gòkè wá sí Serrulai, abúlé wa. Ẹ̀fọn ló ń kọrin sétí ọmọ níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti bí i. Ibà ti pa ìyá rẹ̀, ó pa bàbá rẹ̀, ó sì kó àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ kí ọ̀kankan wọn tó pé ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí Bachis, darandaran wa, lọ ta wàràkàṣì ní ìsàlẹ̀, tó sì padà wálé pẹ̀lú orúkọ Antioca lẹ́nu, Mallena, ìyá Bachis, fárígá.

Ìyá mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyàwó wọlé.

"Ìran tí kì í hu ewú ni Bachis lọ fẹ́ sí!" Mallena pariwo kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́. "Kí á tó jẹun ìgbéyàwó tán, a ó ti máa wá aṣọ ọ̀fọ̀."

Antioca sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wọlé ná, Ìyá, kí ẹ tó máa sin mí."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Mallena nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní ohun tó fi ń fọ́nnu lóòótọ́. Ẹ̀mí gígùn ni wọ́n fi mọ ìdílé ọkọ rẹ̀. Barore, bàbá Bachis, ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà náà, ó sì ń tẹ̀lé àgùntàn gun òkè láràárọ̀. Wọ́n ní bí bàbá tirẹ̀ náà ṣe ṣe nìyẹn.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, tí wọ́n ti bí Rimedia, ọmọbìnrin wọn, ọ̀dá dá. Àgùntàn ń kú lórí pápá. Àwọn kan wá ń kó ọkùnrin lọ wa èédú nínú ihò abẹ́ ilẹ̀ ní Bẹ́ljíọ̀mù, Bachis sì ní òun á bá wọn lọ.

"Bàbá Rimedia, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ," Antioca bẹ̀ ẹ́.

"Ìran tiwa kì í kú bọ̀rọ̀. Ṣé o ò rí bàbá mi ni?"

"Mo rí wọn. Orí òkè ni mo ti ń rí wọn, nínú atẹ́gùn. Mi ò rí wọn nínú ihò rí."

Ó lọ. Nígbà tó fi máa padà dé, eruku èédú ti jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Mo ti gbọ́njú nígbà náà. Ilé wa kọjú sí tiwọn, mo sì máa ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ nídìí oúnjẹ àárọ̀. Kò pé ẹni àádọ́ta ọdún dáadáa tó fi kú. Bàbá Barore, tó ti ń sún mọ́ ọgọ́rùn-ún, dúró létí sàréè, ó gbé fìlà lé àyà, ó ń wí pé, "Òun ló yẹ kó sin mí. Òun ló yẹ kó sin mí."

Antioca kò jókòó ti ọ̀fọ̀. Ó mú ọ̀pá ọkọ rẹ̀, ó da àgùntàn gòkè. Obìnrin kì í da ẹran lọ́dọ̀ wa láyé ìgbà yẹn. Àwọn ọkùnrin tó jókòó síwájú ilé ọtí bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ṣùtì sí i.

"Ẹ bá mi wò ó o, ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

"Ẹ bi àwọn àgùntàn," Antioca dáhùn láìdúró. "Àwọn ò tíì bi mí."

Mallena ń lọ ra iyọ̀, ó gbọ́. Ó lọ dúró lé wọn lórí. "Ìyàwó mi lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ yẹn. Ta ló lè gun òkè yẹn nínú yín láìjẹ́ pé ó ń mí hẹlẹhẹlẹ? Kó dìde, kí n rí i."

Kò sẹ́ni tó dìde. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ fi Antioca ṣe yẹ̀yẹ́, á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá Mallena ń bọ̀. Antioca ló sì tọ́jú àwọn arúgbó méjèèjì títí wọ́n fi dágbére fáyé.

Mi ò rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ bíi tirẹ̀ rí, tí kì í sì í kánjú. Ọbẹ̀ ẹ̀wà àti ewébẹ̀ inú ọgbà rẹ̀ ló ń jẹ, pẹ̀lú búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí àwa obìnrin jọ ń yan. Ẹran, ó di ọjọ́ ọdún. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, á gbé àga síta, ẹni tó bá sì fẹ́ sáré kọjá, á pè é: "Ta lò ń bá jà tó o fi ń rìn báyẹn? Wá jókòó." Nígbà tí ọkọ mi kú, tí mi ò fẹ́ rí ènìyàn, òun ló ń kan fèrèsé mi láràárọ̀. "Mundica, dìde. Ẹ̀wà ò lè bó ara rẹ̀."

Lẹ́yìn tí Antioca pé ọgọ́rùn-ún ọdún, dókítà obìnrin kan, Ilenia, wá láti ìlú ńlá, ó ń gba ẹ̀jẹ̀ àwọn arúgbó wa láti mọ ìdí tí wọ́n fi ń pẹ́.

"Fà á, ọmọ mi," Antioca sọ, ó na apá. "Ṣùgbọ́n ṣẹ́ díẹ̀ kù, mò ń lọ sí ọgbà lọ́la."

Nígbà tí Ilenia padà wá, ó jókòó tì í jẹ́ẹ́jẹ́. "Màmá, àbùdá àjogúnbá kan wà tí à ń rí nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ilé ọkọ yín. Ó jọ pé ó máa ń ran ẹ̀mí lọ́wọ́. A ò rí i lára yín."

"Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, Bachis ló yẹ kó jókòó síbí," Antioca ní, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀.

Ilenia di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ̀jẹ̀ ń ṣe tirẹ̀, Màmá, àmọ́ kì í dá a ṣe. Atẹ́gùn tí à ń mí, ohun tí à ń jẹ, ìrìn tí à ń rìn, àwọn tó yí wa ká, gbogbo wọn ló ń dá sí i. Èwo ló pọ̀ jù, a ò tíì mọ̀ ọ́n tán."

Rimedia ọmọ rẹ̀, tó ti di ìyá àgbà, dá sí i láti ìdí tẹlifíṣọ̀n: "Èmi wá ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ ta ni mo gbé?"

"Ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ kò ní gbé ọ dìde nídìí tẹlifíṣọ̀n," Antioca fèsì, ó ń nu ojú.

Nísinsìnyí, àwọn méjèèjì ló jọ ń lọ sí ọgbà láràárọ̀. Ìyá ló máa ń wà níwájú, ọmọ á máa ráhùn lẹ́yìn nípa orúnkún, wọ́n á sì máa bá ara wọn jà lórí ẹni tó gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn. Mo máa ń gbọ́ ohùn wọn títí wọ́n á fi yà níbi igi ólífì.