Àtàǹpàkò Lórí Fọ́ọ̀mù Ajogún

Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ẹ̀kọ́ náà, nínú gbọ̀ngàn kan ní Ìkẹjà tí fáànù rẹ̀ ń pariwo ju olùkọ́ lọ. Nínú gbogbo àwa akọ̀wé owó oṣù ilé iṣẹ́ abọ́ tánganran wa, èmi nìkan ni wọ́n rán lọ, inú mi sì dùn débi pé mo ra bàtà tuntun. Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń yọ owó ìfẹ̀yìntì kúrò lára owó oṣù, bí a ṣe ń ṣírò àjẹmọ́nú, àti ẹni tí ó yẹ kí a kó o fún bí òṣìṣẹ́ bá kú. Obìnrin tí ó kọ́ wa ní èyí tó kẹ́yìn yìí kì í rẹ́rìn-ín. Ó ní ilé iṣẹ́ tí ó bá fi àyè orúkọ ajogún sílẹ̀ lófìfo nínú fọ́ọ̀mù, ẹjọ́ ni ó ń wá. Mo fa ìlà pupa sí ìdí gbólóhùn náà nínú ìwé mi.

Ayé ìjọba ológun ni, SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tí ó sọ ọjà di ọ̀wọ́n tí ó sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, sì ti wọlé dé. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa ń lẹ orúkọ àwọn tí wọ́n dá dúró níṣẹ́ mọ́ pátákó ẹnu géètì. Ikú tí ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Bí mo ṣe dé láti ibi ẹ̀kọ́ ni mánijà ti ní òun fẹ́ rí èso owó tí wọ́n ná lé mi lórí: kí gbogbo òṣìṣẹ́ ti kọ orúkọ ajogún wọn kí oṣù tó parí. Mo mọ ohun tí ó ń sọ, ẹ̀rù sì bà mí.

N kò mọ̀ pé iṣẹ́ náà yóò le tó bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò jókòó lọ́sàn-án gangan kí ó máa sọ ẹni tí yóò jogún òun? Àwọn kan ní mo fẹ́ fi wọ́n ṣòògùn owó. Ẹnìkan kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀, ó ní òun ni òun yóò jogún ara òun. A jọ rẹ́rìn-ín, mo fún un ní fọ́ọ̀mù mìíràn. Nígbà tí oṣù ku ọjọ́ méjì, ó ku ẹyọ ẹnìkan.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọkùnrin náà, ìdí iná iléru ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ń gbé ní Agége pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ kan ṣoṣo àti ọmọ mẹ́rin. Ó tó mi í bí. Bí ebi bá ń pa mí, òun ni ó máa ń ya búrẹ́dì rẹ̀ sí méjì fún mi. Nígbà tí mo gbé fọ́ọ̀mù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyá akọ̀wé, ẹ kú àbọ̀ láti òkè òkun Ìkẹjà."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ ìyàwó yín nìkan ni mo fẹ́."

Ó fi àkísà nu òógùn ojú rẹ̀. "Ọmọ mi, bí mo bá ní kí o kọ ọ́ síbẹ̀, mo ti sọ ọ́ di opó lónìí nìyẹn. Ẹnu mi ò gbà á. Fi í lẹ̀ ná. Tí Iléyá bá kọjá, màá bá ẹ sọ ọ́."

N kò fi í lẹ̀. Mo padà sí ọ́fíìsì, mo fa káàdì tí ó fi gba iṣẹ́ yọ, mo rí orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ṣe onígbọ̀wọ́ fún un nígbà náà, mo sì dà á kọ sínú fọ́ọ̀mù. Mo ní a ó pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn Iléyá. Ọkùnrin náà kò mọ̀wé kà. Lọ́jọ́ kejì mo gbé e lọ bá a pẹ̀lú yíǹkì, mo ní, "Bàbá, ẹ tẹ̀ka síbí, ìwé ọ́fíìsì lásán ni." Kò béèrè nǹkan kan. Ó tẹ̀ka, ó nu ọwọ́, ó padà sídìí iná. Mánijà yìn mí níwájú gbogbo ọ́fíìsì.

Kò rí Iléyá. Wọ́n ní ibà ni; ọjọ́ mẹ́rin ni ó fi dùbúlẹ̀, ó sì lọ.

Ìyàwó rẹ̀ ń ṣe tákàbà, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí obìnrin Mùsùlùmí fi ń jókòó sílé ṣọ̀fọ̀ ọkọ. Kí ó tó jáde, ẹ̀gbọ́n ọkọ ti wá. Orúkọ rẹ̀ ni ó wà nínú ìwé, èmi ni mo sì ka ìwé náà fún mánijà. Ẹ̀gbọ́n náà gba gbogbo owó àjẹmọ́nú náà lọ. Mo lè sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n lé akọ̀wé méjì nínú ọ́fíìsì wa. Mo panu mọ́.

Obìnrin náà wá nígbà tí ó parí tákàbà. Kò tọrọ owó. Ó ní kí n jẹ́ kí òun rí ìwé náà, mo sì tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀. Òun náà kò mọ̀wé, àmọ́ ó mọ àtàǹpàkò yẹn. Àpá iná kan là á láàárín. Ó fi ìka kàn án.

"Ọwọ́ wọn nìyí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ní kí ẹ kọ ẹ̀gbọ́n wọn?"

"Àwọn ni, mà."

Ó rọra ti ìwé náà padà sọ́dọ̀ mi. "Ọdún mọ́kàndínlógún. Mo ṣebí mo jámọ́ nǹkan lójú wọn." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì lọ.

Èmi nìkan ni mo gbọ́ ohun tí ọkọ rẹ̀ sọ ní ìdí iná. Owó ti lọ, n kò lè dá a padà, ṣùgbọ́n mo lè fi ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Iṣẹ́ mi ni mo rò. Kí ọdún tó yí po, wọ́n lẹ orúkọ tèmi náà mọ́ pátákó.

Ìgbà náà ni mo tó wá ilé wọn lọ sí Agége. Opó náà ti kó lọ, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí ó lọ. Àgbàlagbà obìnrin kan tí wọ́n jọ gbé inú ilé náà sọ fún mi pé kí wọ́n tó lọ, àbígbẹ̀yìn opó náà béèrè bóyá kí àwọn ṣàdúà fún bàbá àwọn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ìyá rẹ̀ ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, ẹni tí bàbá wọn kọ sínú ìwé yóò máa ṣe é fún un.