Òjò Tó Rọ̀ Sórí Ilá Godwin

Bí ẹ bá dé ẹ̀yìn Ìjẹdè, níbi tí ilé ti ń tán tí oko ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ béèrè Sèlíátù, wọn ò ní mọ ẹni tí ẹ ń wí. Ìyá Hàbíbàt ni kí ẹ pè é, orúkọ àkọ́bí rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ilé Mùsùlùmí. Ọkọ ló gbé e wá síbẹ̀, ọkọ náà ló sì kọ́ ọ níṣẹ́ oyin kí ọlọ́jọ́ tó dé. Nígbà tí ọkùnrin náà kú, àwọn ẹbí ní kó ta àwọn àpótí oyin, kó máa ta búrẹ́dì. Ta ló dá wọn lóhùn? Obìnrin náà láyà, ó sì lágídí.

Iṣẹ́ oyin ní àsìkò tirẹ̀. Nígbà ọyẹ́, afárá á kún, inú olóyin á dùn. Nígbà òjò ńkọ́? Wàhálà ni. Koríko á bo abẹ́ àpótí, ìjàlọ á máa wá ẹsẹ̀ tí wọn yóò gùn, oyin tí ebi bá sì ń pa yóò ṣí lọ láìdágbére. Ìdí nìyẹn tí àwọn olóyin agbègbè náà fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n á yí oko ara wọn ká, wọ́n á ro abẹ́ àpótí, wọ́n á fi gírísì pa ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tó ju gbogbo ìyẹn lọ. Àgbẹ̀ tó bá fẹ́ fín oògùn kòkòrò gbọ́dọ̀ sọ fún Sèlíátù lọ́jọ́ tó ṣáájú. Sèlíátù á pe àwọn yòókù, nírọ̀lẹ́ tí oyin bá sì ti wọlé tán, oníkálùkù á fi koríko tútù dí ẹnu àpótí tirẹ̀. Wọn kì í ṣí i àfi tí Sèlíátù bá ní kí wọ́n ṣí i. Ẹnu rẹ̀ ni ẹ̀mí oyin gbogbo wọn wà, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nínú oṣù kẹwàá, Godwin wá bá a. Ìlàjẹ ni Godwin, ó ti pa iṣẹ́ ẹja tì, ilá ló ń gbìn báyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko Sèlíátù.

"Ìyá Hàbíbàt, ẹ kú iṣẹ́ o. Kòkòrò fẹ́ jẹ ilá mi tán. Ọ̀la ni mo máa fín in."

Sèlíátù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó pe àwọn ẹgbẹ́, wọ́n dí ẹnu àpótí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ara rẹ̀ ò ti balẹ̀. Ooru mú. Oyin ń hùn nínú àpótí, ìhùn náà sì ń ga sí i, bí ìkòkò tí omi inú rẹ̀ fẹ́ hó. Ó fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ àpótí kan, ó gbóná. Ó mọ ohun tó lè tìdí rẹ̀ yọ: bí ooru bá pọ̀ jù, afárá á yọ́ lé wọn lórí, wọ́n á kú síbẹ̀. Ó wo oko Godwin, kò rí ẹnikẹ́ni. Ó pè é, fóònù ò lọ. Ó ń bu omi wọ́n orí àpótí, ó ń bẹ oyin pé kí wọ́n ní sùúrù. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń bá wọn sọ̀rọ̀, ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rín in.

Lọ́sàn-án, òjò ṣú, ó sì rọ̀. Kò pẹ́ tó fi dá, àmọ́ gbogbo ewé ilá ló ń kán tótó. Sèlíátù mí kanlẹ̀. Gbogbo àgbẹ̀ ibẹ̀ ló mọ̀ pé wọn kì í fín oògùn sórí ewé tútù, omi á fọ̀ ọ́ dànù. Bí òjò bá ti rọ̀, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn, ó di ọjọ́ mìíràn. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó tún ń béèrè. Ó pe Salman, ọ̀dọ́kùnrin tó ń bá a kéde fún àwọn yòókù.

"Salman, òjò ti ba iṣẹ́ òní jẹ́. Sọ fún wọn kí wọ́n ṣí i."

"Ìyá, ṣé Godwin fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Fóònù rẹ̀ ò lọ. Ta ló ń fín oògùn lẹ́yìn òjò? Ẹ ṣí i jàre, ooru ń pa wọ́n."

Salman ní òun ti gbọ́. Sèlíátù fa koríko kúrò lẹ́nu àwọn àpótí tirẹ̀, oyin sì tú jáde yàà, wọ́n gba ìdí òdòdó ilá lọ.

Oòrùn tún yọ, ó mú ganrínganrín. Nígbà tó yá, atẹ́gùn fẹ́ láti oko Godwin, ó gbé òórùn kan wá. Sèlíátù sáré dé ààlà, ó sì rí Godwin tó pọn ẹ̀rọ oògùn sẹ́yìn, tó fi aṣọ di imú, tó ń fín láàárín ewé tí oòrùn ti gbẹ.

"Ìyá Hàbíbàt, ṣé ẹ ò dí wọn ni?" Ojú Godwin yí padà. "Mo ṣáà sọ fún yín lánàá. Òjò ló kàn dá mi dúró díẹ̀."

Godwin ti sọ fún un lóòótọ́.

Sèlíátù yí padà, ó ń sáré, ó ń pe Salman lórí fóònù. "Ẹ dí i padà. Sọ fún gbogbo wọn. Èmi ni mo ṣìṣe."

"Ìyá, àwọn tó ti jáde ńkọ́?"

Sèlíátù pa fóònù.

Nígbà tó dé ìdí àpótí, àwọn tó kọ́kọ́ padà ti ń yí lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹ́ wọn ń gbọ̀n, wọ́n ń fà wọlé. Oògùn tó lẹ̀ mọ́ ara wọn ni wọ́n ń gbé lọ fún ọmọ àti ìyá wọn. Bí wọ́n bá wọlé, gbogbo ilé á parun. Bí wọn ò bá wọlé, àwọn tó kù nínú ilé lè yè. Sèlíátù ń sunkún, ó ń di koríko mọ́ ẹnu àpótí kan, ó bọ́ sí òmíràn. Ìgbà tó dé ti ìkẹyìn, koríko ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí àyè àtiwá òmíràn. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó fi dí ẹnu ọ̀nà náà.

Wọ́n ń dé. Wọ́n ń bà lé ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, wọ́n ń ràpálá kiri lórí ìka rẹ̀. Ó ń retí kí wọ́n ta òun, ó tiẹ̀ ń fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó ta á. Ọ̀nà ilé ni wọ́n ń wá.