Orin Sinimá Tó Wọ Ṣọ́ọ̀ṣì Wa

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdé ní Àjàṣẹ́ ti ilẹ̀ Dàhòmì, ẹ̀yìn sinimá ni ilé wa wà. Sinimá ìgbà náà kò ní òrùlé. Ògiri gíga ni wọ́n mọ yí i ká, àwa tí a wà lẹ́yìn ògiri kò sì rí nǹkan kan. Ìró nìkan ni tiwa. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí a ń jẹun lọ́wọ́, ìbọn á máa dún, ẹṣin á máa sáré, obìnrin á fi èdè Faransé figbe ta, ìyá mi á sì ní ká jẹun wa, pé ẹni tó kú níbẹ̀ ti gbowó kó tó kú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín nípa sinimá ẹlẹ́rù, ẹ̀yin tí ẹ ń wò ó lórí fóònù tí ẹ ń jẹ gúgúrú sí i. Ojú kọ́ ló ń bẹ̀rù, etí ni. Ẹ di etí yín kí ẹ tún un wò, ẹ ó rí i pé èèyàn tó fi àtíkè kun ojú lásán ni. Orin tó ń pariwo ni gbogbo ayé sì máa ń yìn, èyí tí ìlù àti fèrè á jọ bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, tí èrò á fò sókè. Èmi kò ka ìyẹn sí rárá. Ariwo a máa ta èèyàn jí ni. Èyí tó ń dẹ́rù bani ni èyí tó rọra ń bọ̀, tó dùn, tí ẹ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ ti ń bá a kọ ọ́.

Ọ̀kan bẹ́ẹ̀ wà nínú sinimá kan tí wọ́n fi hàn títí lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ìyàwó kan ló kú, tó ń padà wá sílé ọkọ rẹ̀. Kó tó dé, orin kékeré kan á bẹ̀rẹ̀, bí ẹni ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ dùùrù. Á gòkè díẹ̀, á máa sọ̀ kalẹ̀, á wá dúró lójijì bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Ibi tó bá ti dúró yẹn gan-an ni ọwọ́ funfun kan á ti yọ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo rí i fúnra mi, nítorí àbúrò ìyá mi, tí a ń pè ní Tàǹtí, ń dín àkàrà lẹ́nu ọ̀nà sinimá náà, èmi ni mo sì ń bá a di í sínú bébà. Bí èrò bá wọlé tán, ọkùnrin tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì á ní kí àwa méjèèjì wọlé wá dúró lẹ́bàá ògiri. Gbogbo ìlú ló ń sọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn, àwọn ọmọge kò sì jẹ́ dá lọ pọnmi mọ́ bí ọjọ́ bá rọ̀. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu kan orin.

Ẹ̀rù sinimá nìkan kọ́ ló wà nílùú. Àwọn ṣọ́jà ti gba ìjọba, wọ́n ní ayé tuntun ti dé, ká máa pe ara wa ní kàmáráádì. Dàhòmì ni orúkọ ilẹ̀ wa ṣì ń jẹ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí ìyẹn náà fi yí padà. Wọ́n gba ilé ìwé lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá mi, tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ lórin níbẹ̀ kí n tó dáyé, ni wọ́n ní kó fi orin Jésù sílẹ̀, kó máa kọ́ wọn lórin ìjà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, olùkọ́ bíi tirẹ̀, sọ ọ̀rọ̀ kan sí ìjọba níbi tí wọ́n ti ń mu sódàbì, ògógóró ilẹ̀ wa. Kò pẹ́ tó fi gba ẹnu ibodè ní Kraké sá wọ Nàìjíríà, a kò sì rí i mọ́. Láti ìgbà náà, ẹnu ni gbogbo wa ń bẹ̀rù. Ògiri létí, ìyá mi á sì kọ́kọ́ ti fèrèsé kó tó bi wá ní ohun tí wọ́n kọ́ wa.

Ohun tó kù fún bàbá mi kò ju ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń darí lọ. Ìyẹn gan-an ń mì. Àwọn kan nínú ìjọ ti ń kùn pé orin rẹ̀ ti gbó, pé kí wọ́n mú ọ̀dọ́kùnrin kan wá láti Kútọnu tó mọ gìtá ta. Ọjọ́ ìkórè ni bàbá mi fẹ́ fi dá wọn lóhùn.

Bàbá mi kò wọ sinimá rí, ṣùgbọ́n ó ní àṣà kan. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, tó jẹun tán, á gbé àga sí ẹ̀bá ògiri sinimá, oorun á sì gbé e lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó jí tayọ̀tayọ̀, ó ní Olúwa ti fún òun lórin lójú oorun. Ó jókòó nídìí dùùrù, ó tẹ̀ ẹ́. Mo gbé àkàrà tí mo ń jẹ sílẹ̀. Orin òkú ìyàwó ni.

Ó ti fi ọ̀rọ̀ sí i pàápàá. Ọ̀rọ̀ náà ní, “Ilẹ̀kùn wa ṣí sílẹ̀, Olúwa, máa bọ̀, a ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ níta.” Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ibi tí orin náà ti ń dúró lójijì, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ní ibẹ̀ ni a ó ti máa dúró de Ẹ̀mí.

Mo sáré lọ bá Tàǹtí. Ìjọ aláṣọ funfun ni tirẹ̀, níbi tí àwọn èèyàn ti máa ń gba orin lójú ìran lóòótọ́, mo sì rò pé ó máa mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó wá fọwọ́ bo ẹnu.

“Tàǹtí, ẹ bá wa sọ fún Bàbá.”

“Èmi? Kí n wí fún ọkọ ẹ̀gbọ́n mi pé sinimá ló bá a sọ̀rọ̀, kì í ṣe Ọlọ́run? Wọ́n ti gba ilé ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé kí n wá gba àlá rẹ̀ náà ni?”

Ó sì ti pẹ́ jù. Bàbá mi ti sọ fún pásítọ̀, pásítọ̀ ti kéde rẹ̀ fún gbogbo ìjọ. Bí ẹnì kan bá wá dìde ní ọjọ́ ìkórè tó ní òun mọ orin yìí, òpùrọ́ ni wọn yóò pe bàbá mi níwájú pẹpẹ, ọ̀dọ́kùnrin Kútọnu yóò sì gba àga rẹ̀. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Bó ṣe rí lára bàbá mi nìyẹn, mo sì mọ̀ ọ́n.

Mo wà nínú àwọn tó ń kọ ohùn òkè. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ dán orin náà wò, ọmọbìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbá mi lọ́wọ́ mú, ọwọ́ rẹ̀ sì tutù. Mo rò pé ibà ló fẹ́ ṣe é. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Mo gbàdúrà kí ohùn bàbá mi há, mo gbàdúrà kí òjò wó ṣọ́ọ̀ṣì, Ọlọ́run kò dá mi lóhùn.

Ọjọ́ ìkórè pé. Iṣu, àgbàdo àti ọsàn kún iwájú pẹpẹ. A dìde, bàbá mi gbọ́wọ́ sókè, ó kọ ẹ̀yìn sí ìjọ, a sì bẹ̀rẹ̀. A gòkè, a sọ̀ kalẹ̀, a dé “ẹsẹ̀ rẹ níta,” a dúró.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, n kò mọ ìgbà tí mo bojú wo ẹnu ọ̀nà. Gbogbo akọrin ló bojú wò ó. Àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó yí orí padà, ẹ̀rù hàn lójú wọn. Nígbà tí àwọn àgbà rí i, wọ́n rò pé Ẹ̀mí ló ń yí àwọn ọmọ lọ́rùn, àwọn náà bá yíjú. Ìyá àgbà kan kúnlẹ̀, ó nawọ́ sókè, ó ní, “Ó ti dé o!”

Ọwọ́ kan wà lára ilẹ̀kùn lóòótọ́. Délégé àdúgbò wa ni, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń wọ kakí, tí ìjọba fi ń ṣọ́ wa. Ó máa ń wá dúró lẹ́yìn láti gbọ́ ohun tí pásítọ̀ ń wí, òun sì ni wọ́n ní ó lé olùkọ́ ọ̀rẹ́ bàbá mi ọjọ́sí wọ Nàìjíríà. Ó dúró gbagidi, gbogbo ìjọ ń wò ó. Ó ṣí fìlà tí kì í ṣí. Bàbá mi kò rí nǹkan kan nínú èyí. Ó ju ọwọ́, a sì parí orin. Àwọn ìyá ń sunkún. Pásítọ̀ ní láti ìgbà tí òun ti ń wàásù, òun kò rí irú rẹ̀ rí.

Nígbà tí a jáde, délégé náà tọ bàbá mi wá. Mo sún mọ́ wọn láti gbọ́.

“Bàbá, níbo lẹ ti rí orin yẹn?”

“Ojú oorun ni Olúwa ti fún mi, ọmọ mi.”

Ó wo bàbá mi títí. Ó wá wo àwa akọrin, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé òun náà ti jókòó nínú sinimá yẹn. Bó bá sọ ọ̀rọ̀ kan péré, ilé wa á tú.

Ó dé fìlà rẹ̀. “Ó dáa, Bàbá. Èmi náà, orin yẹn ti jí mi lójú oorun rí.”

Inú bàbá mi dùn. Ó ní ṣé a rí i, pé Olúwa ń bá àwọn ẹlẹ́kakí náà sọ̀rọ̀.

Ó darí akọrin títí ó fi darúgbó, orin náà ni a sì kọ nígbà tí a ń sin ín. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwa akọrin àtijọ́ jókòó jọ, ọ̀kan wá rọra béèrè bóyá a rántí sinimá òkú ìyàwó. A wo ara wa lójú. Lẹ́yìn náà ni a rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Gbogbo wọn ló mọ̀! Kálukú rò pé òun nìkan ló ń dá a gbé. Lọ́dún tí èèyàn lè fi ẹnu ta aládùúgbò rẹ̀, kò sẹ́ni tó ta bàbá mi.

Ayé ti yí. Wọ́n ti wó sinimá náà, tìmùtìmù ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan tí kò tíì pẹ́, bí a ti ń kọ orin náà, ọmọ ọmọ mi na fóònù rẹ̀ sókè kó lè gbọ́ orin náà, fóònù sì sọ orúkọ sinimá náà fún un kí a tó ṣe Àmín. Ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní òun fẹ́ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé. Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi mí pé kí ni mò ń bẹ̀rù, ṣebí bàbá mi tó ni ín ti kú. Mo ní ẹni tó ti kú kò lè gbèjà ara rẹ̀.

Ẹ̀yin náà, ẹ ó ti kíyè sí i pé n kò dárúkọ sinimá yẹn fún yín, n kò sì sọ ṣọ́ọ̀ṣì tó jẹ́. Ẹ má bi mí.