Ẹyẹ La Lọ Wò

Ní àwọn ọdún náà, kí ilé gogoro tó gba gbogbo etí òkun Dubai, èmi àti ẹ̀gbọ́n kan la jọ ń gbé yàrá ní Abu Shagara, àdúgbò kan ní Sharjah. Ọjà ló máa ń dì sí páálí ní ọjà Deira ní Dubai fún àwọn oníṣòwò tó ń kẹ́rù lọ sí Èkó. Tó bá wá di Jímọ̀, á gbé awò olójú méjì rẹ̀, èyí tó ń fa ohun ọ̀nà jíjìn mọ́ni, kọ́ ọrùn, á wá ẹyẹ lọ síbikíbi tí omi bá wà.

Òjò ò wọ́pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tó rọ̀ mọ́jú Jímọ̀ kan, tí ooru ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀, ó jí mi.

"Àbúrò, dìde. Àwọn ẹyẹ tó ń sá fún òtútù ilẹ̀ òyìnbó á ti bà sí adágún orí òkè."

"Ẹ̀gbọ́n, nínú òjò yìí?"

"Òjò gan-an ló ń mú wọn balẹ̀. Yalla, ká lọ!"

Ọkọ̀ akẹ́rù ṣọ́ọ̀bù tí Ẹ̀gbọ́n ti ń ṣiṣẹ́ la gbé lọ. Ìkùukùu ti bo orí àwọn òkè náà. Adágún ọ̀hún wà lẹ́yìn ògiri tí wọ́n fi dí àfonífojì kan, omi rẹ̀ rí bíi tíì oníwàrà. A fi ọ̀rá borí, a jókòó. Òtútù wọ̀ mí dé egungun. Mo rí pẹ́pẹ́yẹ igbó mélòó kan, mo sì rí àwọn lékeléke tí wọ́n ki orí bọ abẹ́ ìyẹ́. Mo rántí bá a ṣe máa ń tọrọ èékánná funfun lọ́wọ́ wọn ní kékeré.

Lójijì, gbogbo wọn fò lẹ́ẹ̀kan náà. A gbọ́ ìró kan lókè, bí ìgbà tí típà ń da òkúta. Àgbàrá ni. Lódìkejì, darandaran kan, ọmọ Pakísítánì, ń da ewúrẹ́ gba ojú odò gbígbẹ tó wọnú adágún. A pariwo, atẹ́gùn gbé ohùn wa lọ. Òun náà ti rí omi, ó ti gòkè dé ibi tí kò léwu. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ kan há sáàárín òkúta, ló bá padà.

"Fi í sílẹ̀! Ó tó, fi í sílẹ̀!" Ẹ̀gbọ́n ń kígbe ní Yorùbá, àfi bíi pé ọkùnrin náà á gbọ́.

Omi gbá a lẹ́sẹ̀. Aṣọ rẹ̀ wú lójú omi lẹ́ẹ̀kan, mi ò sì rí i mọ́. Ẹ̀gbọ́n ò gbé awò kúrò lójú. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

A wakọ̀ lọ pe ọlọ́pàá ní abúlé ìsàlẹ̀. Ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó rí òkú náà lẹ́bàá ògiri. Ọ̀kan nínú wọn bi wá léèrè ohun tó gbé wa débẹ̀.

"Ẹyẹ la wá wò," ni Ẹ̀gbọ́n wí.

Ọlọ́pàá náà wò wá bí ẹni ń wo wèrè. Nígbà tí ọ̀gá darandaran náà dé, ewúrẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ béèrè. Ẹ̀gbọ́n bọ́ kóòtù ara rẹ̀, ó fi bo ojú òkú.

A fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ Sharjah nígbà tí Ẹ̀gbọ́n bi mí.

"Àwọn ará ilé rẹ̀ ńkọ́? Ta ló máa sọ fún wọn?"