Ẹni Tó Ń Kàwé fún Bàbá Ìgbìmọ̀

Àbẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ rẹ́ mi jẹ. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n máa dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi láìfi ọ̀wọ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, nínú gbọ̀ngàn kan ní Downsview, ní Toronto níbí, ó gba makirofóònù, ó sọ fún gbogbo ẹbí pé òun lòun máa ń ka ìwé ìgbìmọ̀ fún bàbá wa àgbà. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pariwo, "Go, Grandma!"

Irọ́ ni. Èmi ni mo kà á.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Télọ̀ ni bàbá wa àgbà. Ẹ̀rọ ìránṣọ ọlọ́wọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n gbé láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Òkè Ọya. Nígbà tó yá, àwa àlejò tó wà ní Sábó, àdúgbò àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìlú, dìbò yàn wọ́n sí ìgbìmọ̀ ìlú, níbi tí òyìnbó ti ń ṣe alága. Bàbá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ṣùgbọ́n wọn ò lè kà á. Àṣírí ilé wa nìyẹn. Bó bá tú, àwọn alátakò wọn á ní kí púrúǹtù dìde kúrò lórí àga, Sábó ò sì ní rí ẹni bá a bèèrè omi ẹ̀rọ.

Akọ̀wé kan á bá wọn kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sọ ní ìgbìmọ̀ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, èmi á sì máa kà á sókè láràárọ̀ kí n tó lọ sílé ìwé. Òórùn èédú àti ti aṣọ tútù á gba yàrá. Bàbá á máa lọ ṣòkòtò oníṣòkòtò, wọ́n á máa wí i tẹ̀ lé mi ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan títí wọ́n á fi mọ̀ ọ́n sórí.

"Tún un kà, ìyá mi. Èyí yẹn gùn jù."

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n gbé ìwé sójú, wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ láìṣì, àfi pé wọn ò ṣí ojú ewé kankan. Òyìnbó rí i. Ó ní ojú ewé mẹ́ta ni Bàbá ti kà lórí ẹyọ kan. Bàbá ní, "Omi ni mo bá wá, ọ̀gá. Ṣé ẹ máa fún wa ni, àbí kí n máa ṣí ìwé títí dọ̀la?" Ẹ̀rín bo ilé, ọ̀rọ̀ sì kọjá bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe délé, èmi ni wọ́n dojú kọ. "Ọmọ yìí, o fẹ́ pa mí! O ò sọ fún mi pé ìwé máa ń tán nísàlẹ̀!"

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń kà á fún wọn nílé, níbi tí ojú ewé bá ti parí, mo máa ń fi àlùmọ́gàjí kan tábìlì, kó! Wọ́n á fi itọ́ ra ìka, wọ́n á ṣí i. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi jókòó nínú ìgbìmọ̀ náà, ẹnikẹ́ni ò fura. Omi dé Sábó. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi náà, Bàbá ní kí n kọ́kọ́ mu.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì ní Toronto níbí. N kì í kàwé sínú dòní. Bí lẹ́tà bá dé sí condo mi ní Jane and Finch, ohùn tí mo fi ń kà fún Bàbá náà ni mo fi ń kà á, mo sì ń yangàn. Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ìyẹn lọ́wọ́ mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá Àbẹ̀kẹ́ lọ sí Bowmanville lánàá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò mọ A yàtọ̀ sí B nígbà yẹn. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi purọ́ mọ́ Bàbá?"

Ó gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Kò bínú.

"Wọ́n yọ mí nílé ìwé kí ìwọ lè máa lọ. Ẹ̀yìn rẹ ni mo jókòó sí láràárọ̀, mò ń rán bọ́tìnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ìwé yẹn ni mo mọ̀ sórí bíi ti Bàbá. Ìwọ sọ fún mi, àbúrò: kí ni kí n sọ fáwọn ọmọ mi pé mò ń ṣe nínú yàrá yẹn?"