Erìgì Ẹṣin Bàbá Aláṣọ

Àárẹ̀ ni mo fi ń jí lójoojúmọ́ lásìkò tí mò ń gun kẹ̀kẹ́ láti Ìfọ̀ dé Mówè, tí mò ń tọ́jú ẹran fún ìjọba. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí ni, mo sì rò pé kò sí àìsàn ẹran tí n kò mọ̀. Àwọn èèyàn ń pè mí ní dókítà. N kò bá wọn jiyàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá kan tó ń ta aṣọ ní Ìfọ̀ ránṣẹ́ pè mí. Ẹṣin wọn já okùn, ó jẹ àgbàdo tí wọ́n sá sẹ́yìnkùlé, kò sì jẹ nǹkan kan mọ́ látìgbà náà. Mo ṣí ẹnu rẹ̀. Erìgì rẹ̀ pọ́n kọjá bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé bàbá kì í jẹ obì kí wọ́n má bù fún ẹṣin yẹn. Mo rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, obì yín ló kun ẹnu rẹ̀ báyìí. Ó yó ni. Ara rẹ̀ á yá tó bá dọ̀la."

"Ṣé kò léwu, dókítà?"

"Kò léwu, sà."

Ká ní mo gbé etí lé àyà rẹ̀ ni, ǹ bá ti gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń sáré. Mo gun kẹ̀kẹ́ mi, ó di Ìbàfò.

Nígbà tí mo padà dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, erìgì náà ti dúdú bí ẹni pé ó mu aró. Etí rẹ̀ tutù, pátákò rẹ̀ gbóná, kò lè gbẹ́sẹ̀. Àgbàdo ti bà jẹ́ sínú rẹ̀, oró rẹ̀ sì ti wọnú ẹ̀jẹ̀. Mo ki rọ́bà gígùn bọ imú rẹ̀, mo gba inú rọ́bà náà rọ epo sí i nínú kí àgbàdo náà lè jáde, mo fa omi iyọ̀ sí i níṣan, àwọn obìnrin ilé sì ń da omi tútù sí pátákò rẹ̀. Gbogbo ohun tó yẹ kí n ṣe lánàá ni mo ń ṣe. Ẹṣin náà kú kí ọ̀gá mi tí mo ti ránṣẹ́ pè tó fi rélùwéè dé láti Abẹ́òkúta.

Ọ̀gá wo ẹnu òkú ẹṣin náà, wọ́n yíjú sí mi.

"Ìgbà wo ni wọ́n pè ọ́?"

Bàbá ló dáhùn.

"Àárọ̀ yìí ni, ọ̀gá. Èmi ni mo fi falẹ̀. Ọmọ yìí gbìyànjú."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká rọ́bà mi. Ọ̀gá kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ kò sì bọ́ lọ́wọ́ mi. N kò lè dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá, torí bí mo bá dúpẹ́, mo ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Ojú tì mí gan-an. Nígbàkígbà tí mo bá ń kọjá níwájú ilé wọn, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀, mo máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n á sì bi mí bóyá mo ti jẹun.

Mo ti dàgbà báyìí, ó sì ti rẹ̀ mí. Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí n sọ, "Bàbá, èmi ni mo jẹ̀bi," n kò sì rí i sọ títí wọ́n fi sin bàbá.